Ta Ló Ni Bíìtì 32 Tó Kù?

Lórí Linux, ètò tó fẹ́ ka fáìlì kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan díìsìkì. Kernel, ọkàn Linux tó ń darí ohun èlò kọ̀ǹpútà, ló ni díìsìkì, àfi kí ètò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Títọrọ yìí là ń pè ní system call. Ọ̀pọ̀ ètò kì í sì í lọ fúnra wọn. Wrapper, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń bá ètò pe kernel, inú C library (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò ń pín lò) ló ń bá wọn jíṣẹ́: glibc lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, musl lórí Alpine, irú Linux kan. Àwọn tó kọ kernel kọ́ ló kọ glibc, wọn ò sì fìgbà gbogbo fẹnu kò lórí bí nọ́ńbà kan ṣe yẹ kó fẹ̀ tó.

Ẹ wo getpriority, system call tó ń sọ ipò iṣẹ́ kan (bó ṣe yẹ kí wọ́n fún un láyè ṣáájú àwọn yòókù) láàárín -20 àti 19. Kernel ò lè dá -5 padà bẹ́ẹ̀, torí nọ́ńbà tó bá kéré sí òdo ló fi ń kéde àṣìṣe. Ó ń yọ ipò náà kúrò nínú 20, ó ń fi nọ́ńbà láàárín 40 àti 1 ránṣẹ́, glibc á sì yí i padà. Ẹni tó fo glibc tó rí 20, òdo gan-an ló rí.

Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni ti ìbú nọ́ńbà. Rẹ́jísítà, àyè kékeré inú processor, tó ń gbé nọ́ńbà lọ bá kernel gba bíìtì 64, ṣùgbọ́n int, irú nọ́ńbà kan inú èdè C, kò ju 32 lọ. Int wọlé, ìdajì kún. Ta ló ni ìdajì kejì?

Lórí àwọn processor bíi s390, PowerPC, sparc64 àti MIPS oníbíìtì 64, àdéhùn ni pé ẹni tó ń pe kernel ni kó tún ìdajì yẹn ṣe kí ó bá nọ́ńbà náà mu. Compiler (ètò tó ń sọ kóòdù C di èdè ẹ̀rọ) tó ń kọ́ glibc ń pa àdéhùn yìí mọ́, èyí tó ń kọ́ kernel sì gbà pé gbogbo ènìyàn ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní dandan ni kéèyàn gba ọ̀dọ̀ glibc kọjá. Ẹni ibi lè fi assembly, èdè tó sún mọ́ ti ẹ̀rọ, kó ìdọ̀tí sínú ìdajì òkè. Kernel lè yẹ bíìtì 32 wò, kó rí i pé nọ́ńbà náà dára, kó wá fi gbogbo 64 wá àyè nínú mẹ́mọ́rì, kó sì já síbi tí kò yẹ. Àléébù ààbò tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi CVE-2009-0029 nìyẹn. Linux 2.6.28 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló kàn: aṣàmúlò lásán lè dá kọ̀ǹpútà dúró, bóyá kó tiẹ̀ gba agbára tí kò tọ́ sí i.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n gbà tún un ṣe. SYSCALL_DEFINE, kóòdù tí kernel fi ń kéde system call kọ̀ọ̀kan, ń gba gbogbo nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bíi long, irú nọ́ńbà tó kún rẹ́jísítà, kernel fúnra rẹ̀ á wá gé e sí ìbú tó yẹ kó tó lò ó. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni níta mọ́, bó sì ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irú aáwọ̀ ìbú yìí tún wà níbòmíì. Nínú msghdr, àkójọ dátà tí sendmsg fi ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́, POSIX, ìlànà àjọlò fún irú àwọn ètò yìí, ní kí msg_iovlen, iye kan nínú rẹ̀, jẹ́ int. Bíìtì 64 ni kernel ń kà. Glibc tẹ̀lé kernel. Musl tẹ̀lé POSIX, ó fi àyè òfìfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di òdo kó tó pe kernel. Ti musl ni mo fara mọ́: iṣẹ́ wrapper ni kó ru ìnira yẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kọ ètò rẹ̀ bí ìlànà ṣe wí.

Bó bá di dandan kí ẹ lo syscall(), tó ń pe kernel láìgba ọ̀dọ̀ wrapper system call náà, fúnra yín, ẹ rántí pé compiler ò mọ ìbú tí kernel ń retí níbẹ̀. Ẹ kọ 0L, ẹ má kọ 0, níbi tí long bá ti yẹ. Kẹ́ ẹ sì ka apá tí wọ́n pè ní “C library/kernel differences” nínú ojú ìwé man (ìwé ìtọ́nisọ́nà Linux) kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ máa rí i pé bí sched_getaffinity, tó ń sọ àwọn CPU tí iṣẹ́ kan lè lò, bá yọrí sí rere, òdo ni wrapper glibc ń dá padà, àmọ́ iye báìtì tí kernel kọ sílẹ̀ ni system call gan-an ń dá padà. Ètò tó ka iye yẹn sí àṣìṣe torí pé kì í ṣe òdo á dáwọ́ iṣẹ́ tó ti yọrí dúró.