Yíyan kámúṣáàfù fún ẹ́ńjìnnì Chevrolet 454

Kámúṣáàfù ni ọ̀pá irin oníké tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, òun náà ló sì ń pinnu ìgbà tí wọn yóò padé. Bí kiránkíṣáàfù, ọ̀pá tí pístìnnì ń yí, bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kámúṣáàfù ń yí. Nínú Chevrolet 454, ẹ́ńjìnnì V8 lítà 7.4 tó jáde fún ọkọ̀ ọdún 1970, àárín búlọ́ọ̀kù ni ọ̀pá yìí wà. Tapẹ́ẹ̀tì jókòó lórí iké rẹ̀, ó ń ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ bá rọ́kà lókè, rọ́kà á sì tẹ fáàfù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí 454 lágbára sí i sábà máa ń ti ara ọ̀pá yìí bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣìnà, torí wọ́n rò pé èyí tó tóbi jù ló dára jù.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò lára káàdì tó ń bá a wá ni iye dígíríì ìyípo kiránkíṣáàfù tí fáàfù fi wà ní ṣíṣí, tí wọ́n ń kà láti ìgbà tí tapẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra ní 0.050 ínṣì. Nọ́ńbà yìí kì í sọ ohun kan náà nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì. Sìlíńdà kan nínú Chevrolet 350 gba nǹkan bíi lítà 0.72, ti 454 gba 0.93, ti 502 lé díẹ̀ ní lítà kan. Dígíríì 230 tó ń mú kí 350 máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, pẹ̀lẹ́ ni yóò bá 454 lò, 502 kò tilẹ̀ ní í kà á sí. Bí sìlíńdà bá ṣe tóbi tó ni ó ń gbé dígíríì mì tó.

Gíga iké kọ́ ni gíga tí fáàfù yóò ṣí dé. Rọ́kà ẹ́ńjìnnì ńlá yìí ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7, nígbà tí ti 350 jẹ́ 1.5. Iké tó ga ní 0.340 ínṣì yóò ṣí fáàfù ní 0.578 nínú 454, àmọ́ 0.510 péré ni nínú 350.

Ohun tó máa ń da iṣẹ́ rú jù ni ìfúnpọ̀, ìyẹn bí pístìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo inú sìlíńdà pọ̀ tó. Fáàfù afẹ́fẹ́ tó bá pẹ́ kó tó padé ń jẹ́ kí pístìnnì tó ń gòkè ti díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ àti epo padà síta. LS6 ọdún 1970, irú 454 kan tí wọ́n kà sí agbára ẹṣin 450, lè fara da irú kámúṣáàfù bẹ́ẹ̀ torí pé ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.25 sí 1. Ní 1971, General Motors dín ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kù kí wọ́n lè lo epo tí òjé inú rẹ̀ kéré, LS5, irú 454 mìíràn, sì bọ́ sí 8.5 sí 1. Ẹni tó bá ki kámúṣáàfù ńlá bọ irú 454 bẹ́ẹ̀ láìpààrọ̀ pístìnnì, ọkọ̀ tó lọ́ra níbi iná pópó ló ṣe. Bí ìfúnpọ̀ bá sì ga tí kámúṣáàfù kéré, epo á máa bú ṣáájú àkókò rẹ̀.

Àkókò kan wà tí fáàfù afẹ́fẹ́ àti ti èéfín jọ ń ṣí. Bí igun tó wà láàárín iké méjèèjì bá ṣe kéré tó, bíi dígíríì 108 dípò 114, ni àkókò yìí ń gùn tó. Ohùn ẹ́ńjìnnì á dùn létí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n búsítà bíréèkì, tó ń bá ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kò ní í rí afẹ́fẹ́ fà dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí 454 ti wọ́pọ̀, ewu rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: omi tí wọ́n ń dà sínú sàlẹ́ńsà láti tù ú lè padà wọ sìlíńdà.

Kí wọ́n tó de ẹ́ńjìnnì pa, wọ́n máa ń lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ orí pístìnnì, kí wọ́n fọwọ́ yí i, kí wọ́n sì wọn ibi tí fáàfù tẹ̀ ẹ́ dé. 0.080 ínṣì ni wọ́n sábà ń fẹ́ kó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ fáàfù afẹ́fẹ́, 0.100 lọ́dọ̀ ti èéfín. Bí tapẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ onípẹrẹsẹ, tí ìdí rẹ̀ ń fa lórí iké, wọn kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tuntun rọra ṣiṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ìyípo bíi 2,000 ní ìṣẹ́jú kan ni, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, torí ọ́ìlì tí kiránkíṣáàfù ń ta sókè ló ń rin iké. Ọ́ìlì tí síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò tó lè jẹ́ kí iké kan jẹ tán lọ́jọ́ náà gan-an, àgàgà tí sípíríǹgì bá le. Tapẹ́ẹ̀tì onítáyà, tó ń yí lórí iké dípò kó máa fa, tí General Motors fi sínú Vortec 7400, irú 454 kan, fún ọdún 1996, kò nílò wàhálà yìí, àmọ́ owó rẹ̀ ga.