Ilé tó ń fi omi tan iná kí Nẹ́pà tó dáyé: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Àwòrán ilé kan, Cragside, ló ń lọ kiri lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ilé tó kọ́kọ́ lo iná mànàmáná láyé", ìbéèrè sì ti kún inbox mi.

Níbo ló wà?
Rothbury, ní Northumberland, lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ló kọ́ ọ?
William Armstrong, tó ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Newcastle, kírénì àti àgbá ogun ló sọ ọ́ dolówó. Lọ́yà ni tẹ́lẹ̀ o. 1863 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilé ìsinmi kékeré lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1869 ló pe Norman Shaw tó máa ń ya pláànù ilé, wọ́n wá ń fi yàrá kún yàrá fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Ẹ ṣáà mọ bí olówó ṣe ń ṣe.

Ṣé lóòótọ́ ni pé òun ló kọ́kọ́ lo iná?
Rárá. Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní àkọ́kọ́ ni pé omi ló ń fún un níná. Wọ́n sé odò di adágún, omi ń ti òkè bọ̀, ó ń yí tọ́báìnì, tọ́báìnì ń yí dáínámò Siemens, ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde, wáyà wá gbé iná ọ̀hún wọlé. Ohun tí Kainji ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni tiẹ̀. 1878 ni wọ́n kọ́kọ́ tan án, nígbà tó di 1880 wọ́n fi gílóòbù Joseph Swan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣe gílóòbù tiẹ̀, sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé Edison nìkan ló ṣe gílóòbù, ẹ má bínú.

Iná nìkan ni wọ́n ń fi omi ṣe?
Ó ń gbé lífítì, ó tún ń yí irin tí wọ́n fi ń sun ẹran ní kíṣìnì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa iná náà?
Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Nínú láíbìrì, orí ìkòkò bàbà ni wọ́n gbé gílóòbù sí, kò sí ṣúìsì lára ẹ̀ rárá, wáyà ti inú ìkòkò gba ihò ìdí ẹ̀ jáde, ó kì bọ inú ife mẹ́kúrì kékeré, irin tó máa ń ṣàn bí omi yẹn, tó wà lórí ohun tí wọ́n gbé ìkòkò lé, ibẹ̀ ni iná gbà dé gílóòbù, ara bàbà ìkòkò fúnra ẹ̀ ló sì ń gbé e padà. Tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò kúrò lórí ohun tí wọ́n gbé e lé, iná kú. Ẹ gbé e padà, ó tàn.

Ṣé mo lè dán an wò nílé?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èéfín mẹ́kúrì kò rùn, kò hàn, ṣùgbọ́n ó ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fọ́ tẹmómítà onímẹ́kúrì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó ọmọdé jáde, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Tọ́báìnì ńkọ́?
Ìyẹn ṣeé ṣe, tí odò tó ń já láti òkè tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn bá wà nítòsí yín. Omi tó dúró sí àdúgbò yín láti òjò àná kò sí lára ẹ̀.

Ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọlé wò ó?
Bẹ́ẹ̀ ni, National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ín láti 1977, ẹ máa san owó. Ní 2014 wọ́n tún gbé tọ́báìnì tuntun síbẹ̀, omi ọ̀hún ti padà sẹ́nu iṣẹ́.