Kí ni private cloud, báwo sì ni ilé-iṣẹ́ ṣe ń kọ́ ọ nílùú bí Ìkòròdú?

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Odogunyan, ló ní server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, tí wọ́n ń pè ní cloud. Server ni, kì í ṣe cloud. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo fẹ́ là yé yín, nítorí owó ńlá ló ń ṣòfò lórí àìmọ̀ ọ́n: owó ilé ìwòsàn, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó iléèwé, owó tí ìbá ti ṣe nǹkan gidi fún aráàlú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àjọ NIST tó ń rí sí òdiwọ̀n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà gbé àlàyé kan jáde nípa ohun tí cloud jẹ́, tí àwọn onímọ̀ kárí ayé ṣì ń dì mú. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pé. Kí ẹni tó nílò ẹ̀rọ lè bu tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láì dúró de ẹnikẹ́ni. Kó lè débẹ̀ látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìbáà jẹ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí agbára gbogbo ẹ̀rọ wà lójú kan tí gbogbo ẹ̀ka á ti máa pín in lò. Kí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tètè pọ̀ sí i tàbí kó dín kù. Kí òǹkà sì wà tó ń fi iye tí kálukú lò hàn. Bí gbogbo èyí bá wà fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, yálà nínú ọgbà wọn tàbí níbi tí wọ́n háyà, private cloud nìyẹn.

Ẹni tó bá ti gbé ẹ́sítéètì tí omi ìjọba kò dé rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbẹ́ kànga tirẹ̀, tọ̀hún lè gbẹ nígbà tí tìhín kún dẹ́nu, kò sì sí ọ̀nà tí ọ̀kan fi lè ran èkejì lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dáwó jọ gbẹ́ borehole kan, tí wọ́n gbé táńkì sókè, tí páìpù wọ ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mítà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan kó tó ṣí omi. Server inú kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni kànga ojúlé kọ̀ọ̀kan; private cloud ni borehole tí gbogbo wọn jọ ń lò.

Ohun tó mú ìpín yìí ṣeé ṣe ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní hypervisor. Orí server ló máa ń jókòó sí, tí á máa pín ọpọlọ ẹ̀rọ náà, RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) àti hard disk rẹ̀ (ibi tó ń pa fáìlì mọ́ sí) sí àwọn kọ̀ǹpútà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tí orúkọ wọn ń jẹ́ virtual machine, VM ní kúkúrú. VM kọ̀ọ̀kan ní Windows tàbí Linux tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Linux ti ní hypervisor nínú, KVM ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n VM nìkan kò tíì di cloud. Ó di cloud nígbà tí VM bá lè bọ́ kúrò lórí server tó kú sórí èyí tó wà láàyè láìjẹ́ pé ẹnì kan sáré wá láti ilé lóru, tí ẹ̀ka ìṣirò owó sì lè béèrè VM tuntun lórí ojú ìwé kan kí wọ́n rí i gbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ṣé kò wá ní sàn kéèyàn kàn háyà cloud lọ́dọ̀ Amazon, Microsoft tàbí Google? Fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ kò ní ohun tó fẹ́ fi private cloud ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn tà á fún un. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ papọ̀ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ìṣòro dé bá báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn tí káàdì aláìsàn rẹ̀ wà lókè òkun kò ní lè ṣí i nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tí tirẹ̀ wà nínú ọgbà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí wáyà. Ọ̀rọ̀ dọ́là náà wà ńbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 lọ́jà ìjọba; kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí wọ́n ń fi dọ́là ṣírò owó fún lóṣooṣù rí i bí owó kan náà ṣe di ìlọ́po mẹ́ta. Òótọ́ ni pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra server náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni.

Òfin náà wà. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, ó gbé ìlànà kalẹ̀ fún kíkó dátà jáde ní Nàìjíríà, ó sì ní bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Kò sọ pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ wà nílé. Àmọ́ ó rọrùn láti jíhìn nípa ohun tó wà lábẹ́ àbójútó ẹni.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú inú wo ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, Sábó, Ìgbógbó àti Ijede. Kí wọ́n tó béèrè iye tí wọ́n ń ta server, kí wọ́n jókòó kọ gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún wọn sílẹ̀: káàdì aláìsàn, fọ́tò X-ray, ilé oògùn, owó oṣù. Kí wọ́n wá bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì. Bí ó bá dákẹ́, báwo ló ṣe lè pẹ́ tó kí ara wa tó gbóná? Nígbà tó bá padà, iṣẹ́ wákàtí mélòó la lè gbà pé ó ti sọnù? Káàdì aláìsàn kò lè dákẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Owó oṣù lè dákẹ́ fọ́jọ́ méjì, bí kì í bá ti í ṣe ìparí oṣù. Onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́ ló lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Métírọ́ọ̀nù àti akápò ló mọ̀ ọ́n, àwọn gan-an ni wọn kì í sì í pè sí ìpàdé.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Ká ní gbogbo VM wọn nílò RAM 180GB. Server mẹ́ta ni wọ́n máa rà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ pín 180 sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀nà méjì ni kí wọ́n pín in sí, nítorí bí ọ̀kan bá kú, méjì tó kù ló máa gbé gbogbo ẹrù: 90GB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ti hypervisor àti ti ètò ìpamọ́ kún un, 128GB ló yẹ kó wà nínú server kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìpamọ́, ká ní àkọsílẹ̀ wọn jẹ́ 4TB lónìí, tí 1TB sì ń gun un lọ́dọọdún. Lọ́dún mẹ́rin ó di 8TB. Ceph, ètò ìpamọ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò, máa ń pa ẹ̀dà mẹ́ta mọ́ bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀kan lórí server kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 8TB di 24TB. Kò sì yẹ kó kún kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó lè ráyè tún ara rẹ̀ tò bí disk kan bá bàjẹ́. 32TB ni wọ́n máa rà, bí 11TB fún server kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún yín tí kò lè ṣe irú ìṣirò yìí níwájú yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Wọ́n sábà máa ń béèrè pé ṣé méjì kò tó. Kò tó. Bí server méjì bá ń ṣọ́ ara wọn, tí wáyà àárín wọn sì já, ọ̀kọ̀ọ̀kan á rò pé èkejì ti kú. Àwọn méjèèjì á gba iṣẹ́, àwọn méjèèjì á máa kọ nǹkan sínú fáìlì aláìsàn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àtitún un ṣe lẹ́yìn náà sì le ju kí gbogbo rẹ̀ kú lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, méjì tó ṣì ń gbọ́ra wọn ló pọ̀ jù, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ lọ; èyí tó dá wà á pa ẹnu mọ́. Ìdí rèé tí iye wọn fi máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún.

Iná ló wá kù, níbí sì ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà ní Ijede níbí, turbine mẹ́fà, 1,320 megawatt ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ṣùgbọ́n orí grid orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń lọ. Bí grid bá wó, bó ṣe wó léraléra lọ́dún 2024, inú òkùnkùn kan náà ni ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Egbin wà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Sókótó. Àní àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn oníbàárà tó ń rí iná jù, tí ìlànà oṣù kẹrin ọdún 2024 ní kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin ṣì kù nílẹ̀ fún wọn láti wá nǹkan ṣe sí.

Server mẹ́ta tó ń fa bí 400 watt lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.2 kilowatt. Switch tó so wọ́n pọ̀ àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ ọ́ di 1.5. Gbogbo iná tó bá wọ inú server ló ń di ooru nínú yàrá náà, kò sí èyí tó ń lọ síbòmíràn, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, ká pè é ní 1.2 kilowatt. Ó di 2.7. Fún wákàtí mẹ́rin, 10.8 kilowatt-wákàtí ni. Bí a kò bá sì fẹ́ kí bátìrì gbẹ pátápátá, bí 13.5 la máa rà. Ọ̀pọ̀ ló ń so server mọ́ bátìrì tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Yàrá kékeré tó wà ní títì á gbóná kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, àwọn server á sì pa ara wọn nígbà tí bátìrì ṣì kún. Ẹ so méjèèjì mọ́ bátìrì. Ẹ má sì kọ́ yàrá náà sísàlẹ̀ ilé níbi tí àgbàrá lè wọ̀.

Ní ti ètò tí wọ́n máa fi darí gbogbo rẹ̀, èrò mi kò pọ̀. VMware ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá mọ̀, ṣùgbọ́n Broadcom rà á ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tó sì di oṣù kejìlá wọn kò ta èyí tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan tó sì di tẹni mọ́. Owó àsansílẹ̀ ló kù. OpenStack, tí NASA àti Rackspace dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, lágbára gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń fẹ́ odindi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga bíi LASUSTECH lè ronú sí i. Fún ilé ìwòsàn wa yìí, Proxmox, tí wọ́n ṣe ní Austria, ló bá a mu. Òǹkà ìlò rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti OpenStack, ẹni méjì sì lè kọ́ ọ débi tí wọ́n á fi máa darí rẹ̀.

Mo sọ ẹni méjì, mi ò sọ ẹnì kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ iṣẹ́ yìí ń japa, inú mi sì ń dùn sí ìlọsíwájú wọn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ wó nítorí pé ọmọ kan rí físà gbà. Kí wọ́n kọ gbogbo bí wọ́n ṣe to nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ lórí ìwé, kí ọ̀rọ̀ aṣínà tó ga jù sì wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà.

Ẹ̀dà mẹ́ta tí Ceph ń pa mọ́ kò dúró fún backup, ìyẹn ẹ̀dà tí a fi pamọ́ síbòmíràn de ọjọ́ ìṣòro. Bí òṣìṣẹ́ kan bá pa fáìlì rẹ́, lójú ẹsẹ̀ ló pa rẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í kó tó béèrè owó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tì. Backup gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ mìíràn, nínú ilé mìíràn. Bí cloud bá wà ní Sábó, kí backup máa lọ sí Ìgbógbó lóru, kí ẹ̀dà kan sì wà tí kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Kí wọ́n máa dá a padà wò lóṣooṣù, fáìlì gidi, kí nọ́ọ̀sì kan jókòó kó ṣí i.

Ẹni tó kọ́ ọ á béèrè owó tó kù. Kí wọ́n tó san án, kí ọ̀gá àgbà, métírọ́ọ̀nù àti akápò péjọ sínú yàrá náà lọ́sàn-án, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Kí wọ́n mú server kan láàárín mẹ́ta, kí wọ́n fa wáyà iná rẹ̀ yọ. Kí métírọ́ọ̀nù ka iye ìṣẹ́jú tí káàdì aláìsàn fi padà lójú kọ̀ǹpútà, kó sì fi wé èyí tó kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ kò tíì parí, owó náà kò sì tíì tó sísan.