Iṣẹ́ Abẹ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Agbára Apá

Kò sí bí ọmọbìnrin ṣe máa ka ìṣègùn ní Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn tí kò ní gbọ́ ọ: "Lọ ṣe dókítà ọmọdé. Iṣẹ́ abẹ ò yẹ obìnrin, agbára rẹ ò ká a." Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ kan ti gbà á gbọ́ kí ẹsẹ̀ wọn tó kan tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú.

Pé obìnrin lè fi ọ̀bẹ la ara kó sì rán an padà, kò yẹ kó fa àríyànjiyàn mọ́. Àwọn obìnrin tó jẹ́ dókítà ìgbẹ̀bí ń la ikùn aboyún gbé ọmọ jáde lójoojúmọ́. Iṣẹ́ abẹ mà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ agbára yìí gan-an ló há wa lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mú egungun itan tó ṣẹ́, torí òun làwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí. Ẹnì kan kọ́ ló ń fa ẹsẹ̀ kí ojú egungun tó bára mu: olùrànlọ́wọ́ wà, tábìlì tó ń fà á wà, irin tó ń gbá egungun mú náà wà. Wọ́n á wá gbé irin pẹlẹbẹ lé e. Bí síkírù bá jẹ́ mílímítà 4.5, ihò mílímítà 3.2 ni wọ́n máa lu fún un, ẹ̀rọ ló sì ń lu ihò náà. Wọ́n á wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n á la ipa fún eyín síkírù, kí wọ́n tó rọra yí i wọlé. Níbi yìí, agbára àpọ̀jù ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá yí i kọjá bó ṣe yẹ á fọ́ ipa tó wà nínú egungun, pàápàá egungun àgbàlagbà tó ti gbẹ. Síkírù á máa yí lófo, irin ò sì ní dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn tí wọ́n fi ń rán ara: bí wọ́n bá fún un jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé etí ọgbẹ́, ẹran ibẹ̀ á kú, ojú ọgbẹ́ á sì tú.

Ṣé ìdúró pẹ́ ni? Obìnrin ló ń din gààrí Ìjẹ̀bú nínú ooru àti èéfín láàárọ̀ títí dọ̀sán, kò sẹ́ni tó ní agbára wọn ò ká a.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ọ̀dọ̀ irinṣẹ́ ló wà. Ìbọ̀wọ́ tíátà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 5.5 títí dé 9. Nọ́ńbà 6 tàbí 6.5 ló ba ọ̀pọ̀ obìnrin mu. Bó bá jẹ́ 7.5 àti 8 nìkan ló wà nílẹ̀, orí ìka ìbọ̀wọ́ á tú, okùn á sì máa há mọ́ ọn bó bá ń ta kókó. Ìgbọ̀nwọ́ ló yẹ kí tábìlì bá dọ́gba; bí wọ́n bá gbé e sókè fún ọ̀gá tó ga, àpótí ìtẹ̀gùn ni kí wọ́n fún ẹni tó kúrú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èjìká á máa dùn ún.

Àkókò ló wúwo jù. Ọdún 6 ní yunifásítì, ọdún 1 hausù-jọ́ọ̀bù (iṣẹ́ tí dókítà tuntun fi ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù), ọdún 1 agùnbánirọ̀, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ń gba ọdún púpọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ bíbí ń dé. Bí ọmọbìnrin bá ní òun ò ṣe é torí èyí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 wo aláìsàn 104,630 ní Ontario, Kánádà. Láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn tó kú, tí wọ́n padà sí ọsibítù tàbí tí nǹkan yíwọ́ fún jẹ́ 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn dókítà abẹ tó jẹ́ obìnrin, 11.6 lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ ọkùnrin. Ìyàtọ̀ náà kéré, mi ò sì ní torí ẹ̀ sọ pé obìnrin dáa jù. Ó kàn jọ pé ẹ̀rù tí wọ́n ń dá bà wá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ má torí pé obìnrin ló wọlé kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pe ẹlòmíì. Ẹ bi í léèmelòó ló ti ṣe irú èyí rí, ta ló máa fún yín lóògùn oorun, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀.