Aṣálẹ̀ Ni, Yìnyín Sì Bò Ó: Ìbéèrè Yín Lórí Òkè Guadalupe

Tí ìgbà òtútù bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ tí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ níbẹ̀ fi máa ń kìlọ̀ afẹ́fẹ́ líle fún agbègbè Òkè Guadalupe, ní ìwọ̀-oòrùn Texas. Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ló tún ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn ará wa ní Houston àti Dallas, tòun ti àwòrán igi ẹlẹ́gùn-ún tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Àwòrán yẹn ló da ọ̀rọ̀ rú, torí aṣálẹ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo dá gun òkè náà nínú oṣù Kínní kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ìbéèrè bò mí.

Ṣé aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Aṣálẹ̀ Chihuahua ni, tó ti Mẹ́síkò wọ Texas àti New Mexico.

Báwo wá ni yìnyín ṣe débẹ̀?

Ọ̀dá òjò ló ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, kì í ṣe ooru. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò bá tó 250 mìlímítà lọ́dún ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nílé ti mọ̀ ọ́n lára tẹ́lẹ̀: ọyẹ́ ni. Láti Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Láàárọ̀, a ó máa yáná, ètè á bó, gìgísẹ̀ á là. Tó bá wá di ọ̀sán, oòrùn á máa ta wá lára. Afẹ́fẹ́ tí kò lómi nínú kì í lè di ooru mú. Bí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, ooru ilẹ̀ á gba ojú ọ̀run lọ.

Ẹ wá fi gíga òkè kún un. Orí Guadalupe, tó ga jù ní gbogbo Texas, jẹ́ mítà 2,667. Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà kò ju mítà 2,419 lọ. Bí èèyàn bá fi ẹgbẹ̀rún mítà gòkè, òtútù sábà máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 lórí Celsius le sí i. Kì í ṣe Texas nìkan ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín máa ń bọ́ sórí Òkè Sínáì inú Bíbélì ní Íjíbítì, ó sì bọ́ sórí iyanrìn Sàhárà gan-an ní Ain Sefra, ní Àlùjẹ́ríà, nínú oṣù Kínní ọdún 2018.

Báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó?

Àlọ àtàbọ̀ tó nǹkan bíi máìlì 8.5, ìyẹn kìlómítà 13 ó lé. Pine Springs ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á sì gòkè tó nǹkan bí 900 mítà. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ló nira jù. Orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àyà.

Kí ni wọ́n ń lọ wò lórí rẹ̀?

Irin dídán onígun mẹ́ta kan wà níbẹ̀, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú American Airlines gbé síbẹ̀ lọ́dún 1958, láti fi rántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹsẹ̀ òkè náà kọjá. Ṣùgbọ́n òkúta tí mo jókòó lé wù mí ju irin náà lọ. Abẹ́ òkun ló ti ṣẹ̀, ní ohun tó ju mílíọ̀nù 250 ọdún lọ sẹ́yìn. Egungun àti karawun àwọn ẹ̀dá inú omi ló kóra jọ di òkè, wọ́n sì ṣì hàn lára òkúta náà. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì ni. Omi òkun ti lọ pátápátá, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló di aṣálẹ̀.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Afẹ́fẹ́. Láti ìgbà òtútù títí wọ oṣù Kẹrin, afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju 110 kìlómítà lọ ní wákàtí kan kì í ṣe àjèjì lórí òkè yẹn. Èèyàn kò lè dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà gba etí ọ̀gbun láwọn ibì kan. Ó tún máa ń gba ooru kúrò lára: tí ojú ọjọ́ bá wà ní òdo lórí Celsius, tí afẹ́fẹ́ ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí, bí ẹni pé ó ti lọ sí ìwọ̀n 8 nísàlẹ̀ òdo ni yóò ṣe rí lára.

Ohun tó ṣe mí rèé. Síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú ni mo wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Òkè tí mo ń gùn mú mi làágùn, aṣọ náà rin gbindin. Nígbà tí mo yí sí apá àríwá òkè, níbi tí igi páínì wà tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, afẹ́fẹ́ kọlù mí, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí mi lẹ́yìn. Mo ní kí n fa sípù sókè. Mò ń wo ìka mi tó di etí sípù náà mú, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára pé mo dì í mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́. Eyín ni mo fi fà á. Mo bá lúgọ sẹ́yìn àpáta, mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì náà, mo wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn tó wà nínú báàgì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ aṣọ òwú lọ.

Ara mi ń gbọ̀n ńkọ́?

Ẹ wọ aṣọ gbígbẹ, ẹ jẹ nǹkan, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀. Tí ahọ́n bá ń wúwo, tí oorun ń kunni, tàbí tí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró nígbà tí òtútù kò tíì lọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá pé kéèyàn fara dà á. Ìrànlọ́wọ́ ló kù.

Ṣé mo ṣì nílò omi púpọ̀?

Lítà mẹ́rin. Kò sí omi kankan lójú ọ̀nà. Òtútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi ara lọ pẹ̀lú gbogbo èémí tí a bá mí.

Aago mélòó ni kí n gbéra?

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ará Houston, ẹ fetí sí èyí: aago ibẹ̀ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiyín, fóònù sì lè má mọ èyí tí yóò fi hàn yín. Aago ọwọ́ ló dájú. Tó bá di aago kan ọ̀sán tí ẹ kò tíì dé orí òkè, ẹ padà. Kí tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí wà nínú báàgì, àti irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà nítorí yìnyín tó ti dì.

Ṣé ó lòdì sófin láti dá lọ?

Rárá.

Tí mo bá wá dá lọ, tí nǹkan ṣe mí, ta ló máa mọ̀?

Ẹni tí ẹ bá sọ fún nìkan ni. Ẹ má fọkàn tán fóònù lórí òkè. Ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀, ọ̀nà tí ẹ máa gbà àti aago tí ẹ máa pè sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà Guadalupe, ìyẹn ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ pẹ̀lú, torí tí ẹni tó wà ní Houston bá pe 911, Houston ló máa gbé e.

Ìyàwó mi ni mo fún ní tèmi. Ó fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, kò sì yọ ọ́ títí mo fi wọlé lọ́jọ́ kejì.