Ègbè ni kí ẹ pè é

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá fún mi pé kí n bá àwọn yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Ìwé náà ń kọ́ àwọn NGO kéékèèké bí wọn yóò ṣe máa lo Facebook, Instagram àti WhatsApp. Ojú ìwé kejì ni mo ti kọsẹ̀: “Ẹ rí i dájú pé ìbáṣepọ̀ yín ń pọ̀ sí i.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbáṣepọ̀ ta àti ta? Nàìjíríà àti Ghana ní ìbáṣepọ̀. Ìdílé ọkọ àti ìdílé ìyàwó ní ìbáṣepọ̀. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń wá ni ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó ń pè ní engagement, ìyẹn gbogbo ohun tí àwọn èèyàn bá ṣe sí ohun tí ẹ gbé sójú ewé yín: láìkì, kọ́mẹ́ǹtì, kí wọ́n pín in fún ọ̀rẹ́, kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè. Ìbáṣepọ̀ kò gbé ìdajì rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí a kúkú mú ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà bó ṣe wà. Wọn ò rántí pé a ti mú un tipẹ́, a sì ti fún un níṣẹ́ mìíràn. Ẹ sọ engagement létí ìyá kan ní Ìbàdàn, aṣọ ẹbí àti àwọ̀ gèlè ni yóò bi yín, nítorí ìdána ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ẹlòmíràn kọ ìfarakínra. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, ìfarakínra gan-an ni wọ́n ní kí a sá fún! Ìkópa ló sàn díẹ̀ nínú wọn, àmọ́ ẹni tó bá kópa ti forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan, bí ìdíje tàbí eré. Ẹni tó ń wo fóònù nínú dánfó, tó rí àwòrán yín, tó kọ “Olúwa á máa bá yín ṣe é” sí i, kò forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun. Ó gbè é ni.

Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn: ègbè.

Ẹ wo agbo orin níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹnìkan lé orin. Bó bá ti lé ìlà àkọ́kọ́ tán, á dákẹ́ díẹ̀, á tẹ́tí. Bí ègbè bá bú jáde, tí àwọn tó ń rọkà lẹ́yìnkùlé náà bá a gbè é, ara rẹ̀ á yá, á fi orúkọ bàbá ọmọ sí i, á fi ti ìyá àgbà sí i, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì á yà wọlé. Bí ègbè bá rọ, ohùn yòówù kó ní, á wá orin mìíràn. Facebook pàápàá ń tẹ́tí sí ègbè kó tó pinnu iye etí tí orin yín máa dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ kéde pé ohun tó bá ń mú kí tẹbí tọ̀rẹ́ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni àwọn yóò máa gbé síwájú, pé ti àwọn ilé iṣẹ́ yóò dín kù. Olùtẹ̀lé tí kì í gbè, èrò òde ni: ó jókòó, ó jẹun, ó lọ. Àwọn kan á ní kí n ya láìkì sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́mẹ́ǹtì, kí n ya iye ojú tó rí i sọ́tọ̀. N kò ráyè ìyẹn. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ àti ẹni tó lanu, orin kan náà ni wọ́n ń gbè.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe ìtumọ̀ bíi tèmi ti bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní bí a bá kọ ọ́ láìfàmì sí i, ta ló máa mọ̀ bóyá ègbè ni, ẹgbẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ni, tàbí ègbé tí Bíbélì ń kéde lé ẹlẹ́ṣẹ̀ lórí? Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí á fàmì sí i. A ò lè pa ọ̀rọ̀ gidi tì nítorí pé ọwọ́ wa ń kánjú lórí fóònù. Ó tún ní ọ̀rọ̀ orin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ojú ewé tí òun náà ń lò ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ara ìwé la ti yá a? Ìdí kan tún wà tí n kò fi ní í fi í sílẹ̀. Bí a bá ní ẹnìkan gbè sẹ́yìn ẹlòmíràn, a mọ̀ pé ó tì í lẹ́yìn ni. NGO kò ta ọjà. Àwọn tó gbè sẹ́yìn rẹ̀ ló fi ń jẹ́ NGO. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé orin àti àtìlẹ́yìn pọ̀ báyìí, ẹ wá fẹ́ kí n lọ máa kọ ìbáṣepọ̀?

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ ní Chibok. Ẹ̀yin tó bá rántí Bring Back Our Girls, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Unity Fountain ní Àbújá. Ẹnìkan á béèrè pé kí ni à ń béèrè fún, gbogbo agbo á dáhùn pé ẹ dá àwọn ọmọbìnrin wa padà, nísinsìnyí, láàyè. Lílé àti ègbè pọ́ńbélé! #BringBackOurGirls tó gba orí Twitter kan, ègbè yẹn náà ni, ẹni tí kò sí ní Àbújá sì rí nǹkan gbè. Ó kúrú, ẹnu gbà á. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Michelle Obama gbé e dání lórí pátákó.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ń da omi yìnyín lé ara wọn lórí ní Amẹ́ríkà nítorí ALS, àrùn tó ń gba agbára iṣan lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da tirẹ̀ tán á dárúkọ àwọn mìíràn, á fún wọn ní wákàtí 24 kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n dáwó. Mílíọ̀nù 115 dọ́là ló wọlé fún ALS Association láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń sọ pé omi tútù ló fà á. Orúkọ tí wọ́n ń dá ló fà á. Bí wọ́n bá ti dárúkọ yín lójú agbo, ẹ ò ní lè panu mọ́.

Kí n tó dá ìwé wọn padà, mo lọ wo ojú ewé ẹgbẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ìwé ọmọléèwé ni wọ́n ń pín. Àwòrán gbàgede, àwọn àgbàlagbà nínú ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, páálí ìwé níwájú wọn, asíá ńlá lẹ́yìn wọn, ọpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́ nísàlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, obìnrin kan kọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ wà? Ọmọ mi ti wọ JSS1, kò ní ìwé kankan.” Ó tún kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ti lé ní oṣù kan, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, àwòrán mìíràn mẹ́ta ni wọ́n ti gbé sókè rẹ̀.

Mo pa ìlà ìbáṣepọ̀ yẹn rẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ẹ máa dá elégbè yín lóhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.” Mo fi àdírẹ́sì ojú ewé wọn àti ọjọ́ tí obìnrin náà kọ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìwé ránṣẹ́ padà sí wọn.