Ta ló ní ìtàn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ojú?

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìtàn àròsọ ni pé ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ bá wọlé, òun náà ni yóò sì bá jáde. Bí ìtàn bá ti ojú Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀, a ò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń rò títí dé ojú ewé ìkẹyìn. Ẹni tó bá rú òfin náà, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n kọ.

Ta ló ṣòfin yẹn? Kì í ṣe Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ẹni tó kọ́kọ́ ń sọ pé "mo" ni akọ̀wé tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ kí àlejò tó dé bá a. Nígbà tí àlejò náà, ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-oògùn, ní kó mú gègé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ, "mo" bọ́ sẹ́nu ọdẹ. Bí ìtàn ọjọ́ kan bá parí, akọ̀wé á gba "mo" rẹ̀ padà, á sọ fún wa bí èrò ṣe ń pé jọ sílé rẹ̀. Òǹkàwé kì í ṣìnà níbẹ̀, torí ojú wa ni ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lẹ́nu ẹnì kan dé ẹnu ẹnì kejì.

Ti Chinua Achebe le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Things Fall Apart (1958), àárín àwọn ará Umuofia àti Mbanta la wà, ẹ̀yìn Okonkwo la sì ń tọ̀ jù. Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn pátá ló gbé wa sínú orí òyìnbó ajẹ́lẹ̀, tó ń ronú ìwé tí òun fẹ́ kọ, tó sì ń gbèrò pé ìpínrọ̀ kan á tó fún ọ̀rọ̀ Okonkwo tó pokùn so. Ká ní Achebe tẹ̀ lé òfin wọn ni, ibi tó dunni jù nínú ìwé náà ì bá má sí.

Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá tilẹ̀ ní orúkọ fún asọ̀tàn tó ń wọ inú gbogbo èèyàn: arínúróde. (Tolstoy, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, tilẹ̀ wọ inú ajá. Nínú Anna Karenina, Laska, ajá ọdẹ Levin, mọ̀ pé ọ̀gá òun ò mọ ibi tí ẹyẹ wà.)

Síbẹ̀, àṣìṣe gidi kan ló bí òfin yẹn: kí òǹkọ̀wé máa fò láti inú ọkàn ẹ̀dá ìtàn kan sí ti òmíràn láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ní èdè Yorùbá, àṣìṣe yìí le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, òmíràn fún obìnrin. "Ó" làwa ní fún gbogbo wọn, títí kan ewúrẹ́. Ẹ wo èyí tí mo hun fúnra mi:

"Ṣadé wo Kúnlé. Ó rò pé ó ti mọ̀. Inú bí i. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà sunkún."

Inú ta ló bí? Ta ló fẹ́ sunkún? Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀, torí ó ń rí wọn lọ́kàn ara rẹ̀. Èmi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n èdè yìí kan náà ló fún wa ní "òun". "Ṣadé rò pé ó ti mọ̀": Kúnlé ló mọ̀. "Ṣadé rò pé òun ti mọ̀": Ṣadé fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí "òun" yẹn bá tọ́ka sí, inú ọkàn rẹ̀ la wà. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ pé "Kúnlé mọ̀ pé òun ò lè bínú sí i," a ti kọjá sọ́dọ̀ Kúnlé nìyẹn, láìṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìràwọ̀ mẹ́ta (***) pín ojú ewé.

Fífi orí ìwé pín in náà dáa o. Nínú Stay With Me (2017), Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé "mo" fún Yéjídé, ó tún gbé e fún Akin ọkọ rẹ̀, ìgbà tó bá sì kan ọkọ la máa ń rí ohun tó ń fi pa mọ́ fún ìyàwó.

Orúkọ pẹ̀lú lè fi ojú ẹni tí a fi ń wòran hàn. Obìnrin kan náà ni Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ìyá tó bí i, Ìyá Bọ́lá lẹ́nu aládùúgbò, Ìyàwó lẹ́nu ẹbí ọkọ, Màámi lẹ́nu Bọ́lá. "Ìyàwó wọlé, ó kúnlẹ̀": ojú ìyá ọkọ la fi rí i. "Màámi wọlé, wọ́n kúnlẹ̀": a ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, "wọ́n" yẹn ti sọ ọ́.

Mo ti ka ìtàn kan rí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń pe bàbá rẹ̀ ní "ó" látòkè délẹ̀. Mo gbà pé ó kórìíra bàbá náà ni, mo wá ń dúró de ìdí rẹ̀ títí ìtàn fi tán. Nígbà tí mo bi òǹkọ̀wé, ó ní ọmọ náà fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an, pé Gẹ̀ẹ́sì lòun kọ́kọ́ fi kọ ọ́.